Girama Ìlú: Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Oníwèé Mẹ́wàá Ṣe Dé Ìgbèríko Ilẹ̀ Yorùbá

Ilé-ẹ̀kọ́ girama pẹ́ kí ó tó dé ìgbèríko ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1859 ni ìjọ CMS dá girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì tó bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní 1908, kí Abẹ́òkúta tó ní tirẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn tẹ̀lé e ní 1913, Oǹdó ní 1919. Ìlú ńlá ni gbogbo wọn, ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run ló sì wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba amúnisìn fúnra rẹ̀ kò kánjú rárá. King's College tí ó dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1909 àti Government College tí ó dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1929, ìwọ̀nba ọmọkùnrin díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó bá yege ìwé mẹ́fà ní abúlé, tí ó sì fẹ́ tẹ̀síwájú, àfi kí ó di ẹrù rẹ̀ lọ bá ìbátan kan ní ìlú ńlá, kí ó máa pọnmi, kí ó máa gbálẹ̀ fún un. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ á fi oko kòkó dógò. Ọ̀pọ̀ kò rí èyíkéyìí nínú méjèèjì ṣe.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń ṣe akọ̀wé, olùkọ́, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti òwò ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Jọ́ọ̀sì, títí dé Gold Coast, ń kó ara wọn jọ, wọ́n ń ṣèpàdé. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń jà fún. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ girama borí gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Ẹgbẹ́ ọmọ bíbí Ọ̀fà dá tiwọn sílẹ̀ ní 1943. Ọ̀wọ̀ ní Imade College ní àárín àwọn ọdún 1940. Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí igbó gẹdú àti oko kòkó yí ká, dá Molusi College sílẹ̀ ní 1949, orúkọ tí ó bá oyè ọba ìlú náà, Orímolúsì, tan. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń tàn kiri ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Owú jíjẹ wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. Bí ìlú kan bá ti ní girama, èyí tí ó wà níwájú lójú ọ̀nà kan náà kò ní sùn, kò ní wo. Owú yìí sì kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ju ohun tí ètò ìjọba kankan kọ́ lásìkò náà lọ.

Ìpàdé ìlú ni wọ́n ti ń bu owó léni lórí. Wọ́n á dá iye kan lé ọkùnrin tí ó ń san owó-orí, wọ́n á dá èyí tí ó kéré sí i lé obìnrin, wọ́n á sì gbé èyí tí ó wúwo jù ka àwọn ọmọ ìlú tó ń ṣiṣẹ́ oṣù lẹ́yìn odi. Láti ibẹ̀, ó di ti àdúgbò, ó di ti agboolé. Baálé á gbà á jọ, akọ̀wé ẹgbẹ́ á sì kọ orúkọ àti iye sínú ìwé ńlá. Ìtìjú ló ń ti ẹlòmíràn san án, nítorí wọ́n lè ka orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè ní gbangba lọ́jọ́ ọdún ìlú, ẹni bẹ́ẹ̀ kò sì ní lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín oyè. Ìgbà ìkórè kòkó ni wọ́n máa ń fi gbèdéke sí, nítorí ìgbà náà ni owó ń wà lápò àgbẹ̀. Ọjà kòkó ní láti wà nínú ìtàn yìí: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, iye rẹ̀ gòkè gan-an títí dé 1954, àwọn ọdún yẹn gan-an ni girama ìlú sì ń hù káàkiri. Ẹni tí kò lówó á fi agbára dí i. Ìdílé onílẹ̀ yọ̀ǹda ilẹ̀, ọkùnrin lagi, obìnrin ru omi àti iyanrìn, bíríkìlà gba ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ọmọ tirẹ̀ náà yóò wọlé níbẹ̀.

Ohun tí owó bẹ́ẹ̀ ń kọ́ kò gbé ògo rẹ̀ kiri. Ilé ológiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ni, páànù lórí, láìsí àjà. Bí òjò bá dé, olùkọ́ á dákẹ́ títí yóò fi dá, nítorí ariwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó ń wí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń wá láti abúlé oko tí ó jìnnà, nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ ní láti ní ilé ìbùgbé. Ìwé ẹrù tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ń sọ bí ìgbésí ayé náà ti rí: àdá, ọkọ́, garawa, fìtílà, ẹní tàbí bẹ́ẹ̀dì, àwo, síbí, àti irin ìlọṣọ eléèédú fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ro pápá, àwọn ló ń gbin ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí ilé ìdáná ń lò, àwọn náà ló ń lọ pọnmi lódò kí agogo òwúrọ̀ tó lù. Ẹ̀wà, ẹ̀bà àti gààrì tí wọ́n fi omi rẹ ni wọ́n fi ń ṣayé, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá gbé kúlíkúlí ránṣẹ́ sí sì ń di ọ̀rẹ́ gbogbo ilé.

Wàhálà tí ó tóbi jù wà níbi àyẹ̀wò ìjọba. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í kàn ṣílẹ̀kùn kí ó sì máa ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Àwọn aṣàyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní láti wá, kí wọ́n wo ilé, kí wọ́n wo ìwé ẹ̀rí àwọn olùkọ́, kí wọ́n wo ibi ìkàwé àti yàrá sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ó lè gbé ọmọ síwájú fún ìdánwò. Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ ń ṣe ìdánwò náà, kí àjọ WAEC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952 tó gbà á. Yàrá sáyẹ́ǹsì ló ń wọ ìlú lọ́rùn jù. Ìlú tí ó ti dáwó fún ilé, tí ó ti dáwó fún ilé ìbùgbé, ní láti tún dáwó lẹ́ẹ̀kan sí i fún ìgò, kẹ́míkà àti gáàsì. Ọ̀pọ̀ ló fi í sílẹ̀. Ìdí nìyí tí girama ìgbèríko fi gbójú lé Bíbélì, ìtàn, Yorùbá àti bàólójì, tí ọmọ tó fẹ́ di dókítà tàbí ẹnjiníà sì ní láti wá físíìsì lọ sí ìlú mìíràn. Àbùkù yìí kò tíì kúrò lára wọn tán.

Láti inú irú ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti jáde, èyí tí àwọn òǹkọ̀tàn òṣèlú sábà máa ń fò. Stephen Awókọ̀yà, ọmọ Awà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni púrínsípà àkọ́kọ́ ní Molusi College. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn ìbò 1951, ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, òun ló sì gbé àbá ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù Keje 1952. Ẹni tí ó ti kọ ìwé àbá ẹ̀kọ́ fún ẹgbẹ́ náà ṣáájú ni Michael Adékúnlé Ajásin, tí ó jẹ́ púrínsípà Imade College ní Ọ̀wọ̀ láti 1947 títí di 1962. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni olórí ìjọba, òun ni orúkọ ètò náà sì mọ́ lára, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, púrínsípà girama ìlú ni àwọn méjì tí wọ́n gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ bí ó ti ń rí kí ọmọ tó mọ̀wé padà sóko nítorí owó.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Owó-orí tí ìjọba fi kún un láti ná an kò dùn mọ́ àwọn ará ìgbèríko, ó sì wà lára ohun tí Action Group fi pàdánù ìbò àpapọ̀ 1954 sọ́wọ́ ẹgbẹ́ NCNC lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà ti wọlé, wọn yóò sì jáde lọ́jọ́ kan. Kí wọn má baà já sí títì, ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ Modern ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ láti 1955. Abúlé tí agbára rẹ̀ kò ká girama, ó ká Modern: olùkọ́ rẹ̀ kò pọ̀, kò nílò yàrá sáyẹ́ǹsì. Fún ọdún díẹ̀, ẹni tó jáde níbẹ̀ ń rí iṣẹ́ olùkọ́ tàbí akọ̀wé kékeré. Nígbà tí wọ́n pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ di yẹ̀yẹ́, àwọn ìlú sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pààrà Ìbàdàn pé kí ìjọba jẹ́ kí àwọn sọ Modern wọn di girama. Ọ̀pọ̀ girama ìgbèríko òde òní ló jẹ́ pé Modern ni ilé tó lọ́jọ́ lórí jù nínú ọgbà rẹ̀.

Ẹni tí ó gba ipò Awókọ̀yà ní Molusi ní 1952 ni Táí Ṣólàrìn, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fẹ́ orin ìjọ àti àdúrà ní ìpàdé òwúrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mọ́, ó fi Molusi sílẹ̀, òun àti aya rẹ̀ Sheila, tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì ṣí Mayflower School ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1956 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tí ó tó bí àádọ́rin. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí ó kó àwọn tó ń wá òmìnira ẹ̀sìn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620 ni ó fi sọ ọ́. Àtíbàbà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin àti obìnrin ń kàwé pọ̀, gbogbo wọn ló ń ṣánko, tí ń mọ búlọ́ọ̀kù, tí ń sin adìẹ, tí ń gbin oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí mọ́ṣáláṣí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ oko Mayflower àti ti àwọn girama yòókù ni pé, níbòmíràn, oko jẹ́ ohun tí àìlówó fà, nígbà mìíràn ó tilẹ̀ jẹ́ ìjìyà fún ọmọ tó ṣẹ̀. Ní Ìkẹ́nnẹ́, òun gan-an jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni nígbà náà. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gbà á pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà gbìyànjú ohun tuntun ní ìgbèríko lẹ́ẹ̀kan, ní Aiyétòrò, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a mọ̀ sí Yewa lónìí. Comprehensive High School tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1963 jẹ́ iṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú àjọ ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà, USAID, àti yunifásítì Harvard. Èrò wọn ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo kó gbogbo ọmọ pọ̀: kí ẹni tí yóò lọ yunifásítì, ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹni tí yóò di oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì jókòó sí kíláàsì kan náà ní ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ya oríṣiríṣi. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ́ àwùjọ dípò ìtàn àti jọ́gíráfì fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé ilé-ẹ̀kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ilé rẹ̀ dára, irinṣẹ́ rẹ̀ pé. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni pé kí ìjọba kọ́ irú rẹ̀ sí ìgbèríko yòókù, nítorí owó rẹ̀ ju ohun tí àpò Ìwọ̀-Oòrùn lè gbé, rògbòdìyàn òṣèlú sì dé láti 1962.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, owó epo rọ̀bì yí gbogbo rẹ̀ padà. Láàárín àwọn ọdún 1970, ìjọba ológun gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ìjọ, lọ́wọ́ aládàáni àti lọ́wọ́ ìlú. Àǹfààní wà nínú rẹ̀: owó oṣù olùkọ́ di ojúṣe ìjọba, olùkọ́ abúlé sì ń gba iye kan náà pẹ̀lú ti ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí ọba àti àwọn àgbà ìlú wà nínú rẹ̀ kò ní agbára mọ́. Púrínsípà tí ìlú fúnra rẹ̀ ń wá kiri tẹ́lẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń fi lẹ́tà gbé wá láti olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí wọ́n sì lè gbé lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìlú tí ó ti ń dáwó fún ogún ọdún rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ ti di ti ìjọba, ó sì káwọ́ gbera. A kò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1979 ni ìpín tí ó tóbi jù nínú ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ UPN tí Awólọ́wọ̀ ń darí wọlé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú àwọn gómìnà wọ̀nyí: Jákàńdè ní Èkó, Ọnàbáńjọ ní Ògùn, Bọ́lá Ìgè ní Ọ̀yọ́, Ambrose Alli ní Bendel, àti ní Oǹdó, Ajásin, púrínsípà Imade àtijọ́. Wọ́n sọ girama di ọ̀fẹ́. Lójijì, gbogbo ọmọ tó jáde ìwé mẹ́fà ló ń wá fọ́ọ̀mù kìíní, ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nílẹ̀ kò sì tó ìdá díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n nílò. Ìjọba ní kí ìlú tó bá fẹ́ girama pèsè ilẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí òun kó olùkọ́ wá. Bí owó dídá ṣe tún padà wọ abúlé nìyẹn. Orúkọ tí a ń rí lára pátákó lójú ọ̀nà ìgbèríko Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì títí dòní, Community High School tàbí Community Grammar School, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn dé. Kì í ṣe ibi tí ọmọ ń gbé mọ́. Ọmọ ń ti oko rin kìlómítà mélòó kan lọ, ó sì ń rìn ín bọ̀. Níbi tí yàrá kò tó, wọ́n pín ọmọ sí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, tàbí kí kíláàsì máa lọ lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn alátakò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn òbí tí ọmọ wọn kì bá tí rí kíláàsì wọ̀ láé kò bá wọn rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ni wọn kò rí tó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà tí ọ̀rọ̀ ajé ilé wọn ti bàjẹ́ ló wá dí àlàfo náà, pàápàá fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kàwé ní abúlé láàárín 1979 sí 1983 ló rántí olùkọ́ ọmọ Gánà kan tí ó ń gbé nítòsí ilé-ẹ̀kọ́, tí kò fi àkókò ṣeré. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari pàṣẹ kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ. Láàárín ìgbà díẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn kò ní ẹni tí yóò kọ́ físíìsì mọ́. Láti ìgbà náà, àwọn Àgùnbánirọ̀, tí òfin 1973 dá ètò wọn sílẹ̀, ló ń gbé sáyẹ́ǹsì dúró ní ìgbèríko. Ọdún kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lò, ọmọ tó bá wà ní kíláàsì ìparí sì lè rí olùkọ́ ìṣirò mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta.

Ètò 6-3-3-4 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 pín girama sí méjì, kékeré àti àgbà, ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ kún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ ìlagi àti ìrọ́rin dé láti òkè òkun, wọ́n sì pín in káàkiri. Ní ìgbèríko tí kò ní iná mànàmáná, àpótí onípákó tí wọ́n fi kó o wá ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà títí tí ikán fi jẹ àpótí, tí ìpẹtà sì jẹ ẹ̀rọ. Ìjọba tí ó ra ẹ̀rọ kò béèrè bóyá wáyà iná dé ibi tí ó ń gbé e lọ. Kò sí nǹkan mìíràn nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ yìí tí ó fi bẹ́ẹ̀ jọ ìfowóṣòfò.

Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1983, ológun padà dé, ọ̀rọ̀ ajé sì ti burú. Owó oríṣiríṣi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórúkọ àga, ìdánwò àti eré ìdárayá. Olùkọ́ ń sá kúrò ní abúlé. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan, ṣùgbọ́n ìparí girama kékeré ni ó mọ. Ọdún mẹ́ta àgbà ṣì wà lọ́rùn ìpínlẹ̀. Ìdí nìyí tí pátákó méjì fi wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko, púrínsípà méjì nínú ọgbà kan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tilẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ padà nígbà ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ó pa ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, ó sọ wọ́n lórúkọ tuntun. Ìjọba tó tẹ̀ lé e dá ọ̀pọ̀ orúkọ àtijọ́ padà, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kò gbà kí orúkọ girama ìlú wọn parun.

Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń ṣe ní 1949. Àwọn ló ń pààrọ̀ páànù, tí ń gbẹ́ kànga, tí ń san owó olùkọ́ sáyẹ́ǹsì láti àpò ara wọn. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà náà ń fi owó ránṣẹ́. Molusi, Imade, Mayflower àti ti Aiyétòrò ṣì wà, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n sì wà. Ìwé ńlá tí àwọn akọ̀wé fi kọ orúkọ àwọn tó dáwó ni kò ní pẹ́ mọ́: ó wà ní àjà ilé àwọn àgbà, ikán sì ń jẹ ẹ́. Kí ìlú tí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ wọn yà á ní fọ́tò ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ náà.